Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Níwájú Àwọn Kánsẹ́lọ̀

Caney Creek,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá.

Raylene ọmọ mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ìwọ àti ọkọ rẹ àti Wesley kékeré. Ọlọ́run tó mú wa la ọdún Kòrónà já kò ní jẹ́ kí ibà lásán gbé wa ṣubú. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, adìẹ mẹ́rin ti ń yé, tòmátò ti tán lóko, mo ti sè é sínú ìgò, tìrẹ sì wà níbẹ̀.

Wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ fi owó ránṣẹ́ sí gbogbo káúńtì nítorí ohun tí ojú wa rí nígbà Kòrónà, pé àwa ará ìlú ni ká wá sọ ohun tó yẹ kí wọ́n fi tiwa ṣe. Wọ́n lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn pósọ́fíìsì. Àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó kún fún àmì onígun mẹ́rin dúdú àti funfun, mo rò pé bátànì kúbùsù alábùlẹ̀ ni wọ́n fi ta wá lọ́rẹ, mo dà á kọ, mo sì ti gé ogójì aṣọ dúdú kí ọ̀gá pósọ́fíìsì tó sọ fún mi pé fóònù ni wọ́n ń na sí i, pé ibẹ̀ ni fọ́ọ̀mù wà. Mo ní fóònù tèmi lókùn nídìí, kò lè dé pósọ́fíìsì. Ó bá fún mi ní ti bébà. Fọ́ọ̀mù bèèrè bí agboolé mi ṣe tóbi tó, mo fi téèpù wọn ilé láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ìdáná, mo kọ ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógójì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iye ènìyàn ni wọ́n ń bèèrè. Mo pa á rẹ́, mo kọ ọ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ ọ́ nìyẹn láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ.

Gbogbo Caney Creek ti fohùn ṣọ̀kan pé páìpù omi la máa bèèrè, nítorí omi kànga wa ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Verdie àbúrò bàbá rẹ ní èmi ni kí n sọ̀rọ̀ torí pé ẹnu mi dùn. Nígbà tí a dé ibi ìpàdé káúńtì, kánsẹ́lọ̀ márùn-ún ni wọ́n, mẹ́rin jókòó, obìnrin karùn-ún wà nínú tẹlifíṣọ̀n lára ògiri. Mo kí i, kò dáhùn, mo tún kí i, akọ̀wé wá sọ fún mi pé wọ́n ti pa ohùn rẹ̀ ni. Mo bá a kẹ́dùn.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan bèèrè òrùlé ilé ẹjọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá bèèrè mọ́tò, lẹ́yìn náà ni Delmer Gibbs tó ń wa áńbúláǹsì dìde. Ó ní ẹyọ kan ṣoṣo ni káúńtì ní láti òkè dé odò. Ó ní lóṣù kejì ọdún tó kọjá, òun ń gbé obìnrin kan tó ń rọbí lọ sí ọsibítù nígbà tí wọ́n pe òun lórí rédíò pé ọkùnrin kan ní Caney Creek kò lè mí dáadáa mọ́. Ó ní òun kò lè já obìnrin náà sílẹ̀ lójú títì, òun kò sì lè la mọ́tò sí méjì. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò mọ̀ pé mo jókòó síbẹ̀. Raylene, láti ọjọ́ náà ni mo ti rò pé wọ́n gbàgbé èmi àti bàbá rẹ ni. Ó lé ní ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti ń bá ẹni tí n kò mọ̀ bínú.

Ni wọ́n bá pe orúkọ mi. Ìwé tí Verdie bá mi kọ wà lọ́wọ́ mi, n kò kà á. Mo ní èmi ni ìyàwó ọkùnrin Caney Creek yẹn. Mo ní omi wa burú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn lè pọn omi níbòmíràn, kò sẹ́ni tó lè lọ pọn èémí níbòmíràn, kí wọ́n ra ọkọ̀ kejì ná. Mo wá bi Delmer ohun tí obìnrin yẹn bí. Ó ní ọmọbìnrin ni, ó ti ń rìn. Aago wọn dún, mo jókòó.

Nígbà tí wọ́n dìbò, àwọn mẹ́ta gbà, méjì kọ̀. Wọ́n máa ra áńbúláǹsì, wọ́n máa gba àwọn tó máa wà á, ohun tó bá kù ni wọ́n máa fi ra páìpù, àmọ́ iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ló máa dúró sí, máìlì kan sí ilé wa. Inú bí Verdie títí a fi délé. Ó ní àwọn rán mi lọ pọnmi, omijé ni mo pọn wálé. N kò dá a lẹ́bi, ẹ̀yìn ń dun òun náà tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. O ti ní Wesley kò ní fi omi yẹn wẹ̀, pé ọjọ́ tí páìpù bá dé ẹnu ọ̀nà wa lo máa gbé e wá. Mo rántí rẹ̀ lórí ìdúró níbẹ̀, mo sì sọ ohun tí mo sọ. Bó bá dùn ọ́, bínú, ṣùgbọ́n má pẹ́ níbẹ̀ bí mo ṣe pẹ́.

Jọ̀ọ́, fi ọgọ́ta dọ́là ránṣẹ́ sí mi, inú àpòòwé ni kó o fi í sí, kì í ṣe inú fóònù, tèmi kò níhò tówó lè gbà jáde. Owó bọ́ọ̀sì ni. Èmi ni n ó wá wẹ Wesley nínú omi tiyín.

Ẹ kò ní rí ohun tí ẹ máa pe áńbúláǹsì sí. Bí ẹ bá sì pè é, á tètè dé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ottie