Ẹ Gbé Jẹnẹrétọ̀ Náà Kúrò Ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ẹ kú ilé o, Màmá mi, Bàbá mi. Ọmọ yín kúnlẹ̀ kí yín láti Ìlú Ọba. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà, ẹ kú ooru tó tún mú ní Oǹdó. Bùọ̀dá Akin ní Àkúrẹ́, mo kí yín tìyàwó tọmọ. Ara tèmi ti yá. Orí fífọ́ Bàbá ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí. Mo sì kọ ọ́ sójú ìwé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Oǹdó tó wà lórí fóònù, níbi tí gbogbo ará àdúgbò ti máa rí i, torí mo ti sọ ọ́ fún yín lẹ́nu, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ilé tèmi ṣe jẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́, lẹ́yìn gbogbo oṣù tí mo fi sùn nílé onílé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá òfìfo, mo sunkún ayọ̀. Mo fi iyọ̀ àti oyin gbàdúrà ní gbogbo igun rẹ̀ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri tó ń fi gáàsì mú ilé gbóná. Ó ti gbó, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Òtútù ibí kì í ṣe ọyẹ́ tí a mọ̀ o, inú egungun ló ń wọ̀. Mo wá rí ihò kan lókè fèrèsé tí atẹ́gùn tútù ń gbà wọlé. Ọmọ Oǹdó wo ni yóò rí irú ihò bẹ́ẹ̀ tí kò ní dí i? Màmá, mo ká ọ̀kan nínú àwọn ìró tí ẹ fún mi, mo fi dí i pinpin, mo tún gbóríyìn fún ara mi.

Ìgbà yẹn ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Bí mo bá ti ibi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó dé, èébì á máa gbé mi, oorun á máa kùn mí. Bí mo bá jáde, ara á yá. Màmá, ẹ ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni, pé èmi ni mo gbé fọ́tò ilé sórí fóònù kí gbogbo ojú lè rí i. Ẹ ní kí n gbààwẹ̀, kí n tilẹ̀kùn mọ́rí. Èmi náà gbà pé nǹkan kan ń bá mi gbé. Mo tilẹ̀kùn, mo tan ẹ̀rọ, mo ń sùn lórí eékún àdúrà. Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe sọ fún yín lọ. Bí n kò bá jí, ó di ìgbà tí ibi iṣẹ́ bá wá mi kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Sísì Bọ́láńlé, ọmọ Ìjàrẹ tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló wá kí mi lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan. Kò tíì jẹun tán tí orí fi ń fọ́ òun náà. Mo sọ ọ̀rọ̀ ayé fún un. Ó wò mí títí, ó bi mí pé ṣé àwọn ọ̀tá ilé wa ní Oǹdó mọ orúkọ òun ará Ìjàrẹ náà ni. Ló bá fà mí síta, ó pe àwọn tó ń tún gáàsì ṣe. Ọkùnrin tó wá gbé irinṣẹ́ kékeré kan wọlé, irinṣẹ́ náà sì ké. Ó pa ẹ̀rọ, ó fa ìró mi yọ nínú ihò. Ó ní ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mí. Pé nígbà tí mo dí i, èéfín tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, ló kún yàrá. Ó ní àwọn tí òun máa ń bá nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, bí ẹni sùn ni wọ́n máa ń rí.

Ìdí tí n kò fi lè dákẹ́ nìyí. Láti ìgbà tí olè ti gbé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò yín, ẹ ti gbé èyí tí Bùọ̀dá rà fún yín wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí ẹ̀yin àti Bàbá ń sùn, ẹ ń tàn án kí fáànù lè fẹ́ yín. Irú èéfín kan náà ni jẹnẹrétọ̀ ń tú jáde. Ẹ wá ń sọ fún mi pé orí ń fọ́ Bàbá láràárọ̀. Bàbá tíṣà, tó máa ń máàkì ìwàásù bí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wá ń sùn kí oníwàásù tó gun àga. Ẹ ní ọjọ́ orí ni. Bàbá ní inú èéfín ààrò ni wọ́n bí òun sí, olè lòun ń bẹ̀rù. Òórùn pẹtiróò lẹ ń gbọ́, ẹ rò pé bí òórùn bá ti lọ, ewu ti lọ nìyẹn. Ẹ tún sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ eré pé adìẹ tó ń sàba ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kú sórí ẹyin. Màmá, kí ló pa adìẹ? Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ náà síta, kí olè gbé e lọ bó bá wù ú.

Àná ni mo kọ gbogbo ohun tó wà lókè yìí, tòní ni mo ń fi kún un yìí. Láti àárọ̀ òní ni mo ti ń pè yín, ẹ ò gbé e, bẹ́ẹ̀ ẹ kì í sùn kọjá àdúrà òwúrọ̀. Bùọ̀dá ti wọkọ̀ ní Àkúrẹ́, àmọ́ kò tíì dé. Ó lè jẹ́ pé bátìrì fóònù ló kú. Ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ ń ka èyí, mo kí gbogbo yín, tọmọdé tàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kanlẹ̀kùn ilé Tíṣà Akínṣọlá. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ má sọ pé wọ́n ń sùn. Ẹ já ilẹ̀kùn.

Màmá, Bàbá, Olúwa kò ní jẹ́ kí oorun yín gùn ju òru lọ. Ẹ ó jí, ẹ ó sì bá mi wí fún ariwo tí mo pa síta yìí.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́