Bí A Ṣe Rin Àwòrán Ṣìkẹ́mi ní Ìkọ̀yà

Ìkọ̀yà,
lọ́nà Òkìtìpupa,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Olúwaṣìkẹ́mi ọmọ mi,

Mo kí ọ láàárọ̀, mo kí ọ lọ́sàn-án, mo sì kí ọ nírọ̀lẹ́, nítorí mi ò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun kí o tó jáde nílé, àbí tíì lásán lo ṣì ń mu bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́ kò ní tòògbé lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ á máa wá a títí, kò ní rí i. Àpótí irin tó ń gbé yín ròkè nínú ilé gíga tí o ti ń ṣiṣẹ́ yẹn kò ní há mọ́ yín lórí. Àmín.

Bàbá rẹ kí ọ. Wọ́n ní ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́, àwọn sì ti padà sóko. Ewúrẹ́ tí o fi orúkọ ọ̀gá rẹ pè ti bí méjì, ṣùgbọ́n a ò pe orúkọ náà síta mọ́, nítorí ó jẹ ẹ̀gẹ́ àwọn ará ilé kejì, wọ́n sì ń fi orúkọ náà ṣépè.

Ó ku ọ̀rọ̀ fóònù. Mo ń rí gbogbo máàkì tí ò ń fún mi lórí wọ́sáàpù. Ohun tí mo bá ti kọ ránṣẹ́, o máa ń fi àmì méjì aláwọ̀ búlúù sí i nídìí, èmi náà á sì gbé e lọ fi han bàbá rẹ pé mo tún ti gbà á. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní pírámárì mẹ́rin, kò sí tíṣà tó máàkì mi dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá nìkan ni máàkì mi jẹ́ ẹyọ kan, kò sì ní àwọ̀. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, jọ̀wọ́ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí gùn, mi ò sì fẹ́ fìdí rẹmi níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, kí dẹ́rẹ́bà tó ń kó epo lọ sí Èkó bá mi mú un wá.

O mọ̀ bí ilé ẹ̀rọ ẹgbẹ́ obìnrin wa ṣe wà kí o tó wá lọ́dún Àjíǹde, ṣùgbọ́n mi ò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Ẹyìn ọ̀pẹ ń pọ̀, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń gún un, àwa obìnrin ń tò fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Kó tó kan ẹlòmíì, ẹyìn rẹ̀ á ti máa hu funfun, epo tó bá ti ibẹ̀ jáde á sì máa kan lẹ́nu, àwọn oníbàárà láti Òkìtìpupa á máa yínmú sí i. Ọ̀gbẹ́ni Vincent tó fẹ́ kọ́ ilé ìtura wá ní òun máa ra ilẹ̀ àti ẹ̀rọ pọ̀. Màmá Judith ló ń bá a polówó kiri. Níbi ìpàdé oṣù Kẹta, àwọn tó pọ̀ jù ti ń nawọ́ sókè pé kí a tà á, ni èmi alága bá dìde, mo ní kí wọ́n dákẹ́, mo ní ọmọ mi ń bọ̀ láti Èkó, ẹnjiníà ni, ọdún márùn-ún ló fi kàwé ẹ̀rọ ní yunifásítì, ó máa tún ẹ̀rọ yìí ṣe débi pé á máa sáré bí ọkọ̀. Mo ní bí kò bá ṣeé ṣe títí di òpin oṣù Karùn-ún, kí wọ́n ta ilé ẹ̀rọ, kí wọ́n sì gba ipò alága lọ́wọ́ mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́, Màmá Judith ló sì pàtẹ́wọ́ jù. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe epo níbẹ̀, Ṣìkẹ́mi, ibẹ̀ ni owó ìwé rẹ ti jáde, àyà mi sì ń já láti ọjọ́ náà.

Ní Sátidé Àjíǹde tí o wá, gbogbo ẹgbẹ́ ti pé láti wo bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe. Mákánjúọlá tó ń darí ẹ̀rọ ti to àwọn sípánà rẹ̀ sórí àpò, ó ti fi kẹrosíìnì nù wọ́n. O dé pẹ̀lú bàtà funfun, o kúnlẹ̀ kí gbogbo wa, o gba bẹ́ǹṣì, o jókòó, o wo aago ọwọ́ rẹ, o sì ń kọ̀wé. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, o ò fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kan lára ẹ̀rọ. O bi Mákánjúọlá léèrè iye ìgbà tó ń lọ bu omi lóòjọ́. O bi Màmá Judith léèrè ìdí tó fi gbé agbọ̀n rẹ̀ síbi tó gbé e sí, ó ní ibẹ̀ ni ìyá òun máa ń gbé tirẹ̀ sí. Nígbà tó yá, o wá ń tẹ̀ lé àwọn èèyàn lẹ́yìn, ò ń ka ìṣísẹ̀ wọn. Àwọn kan ní bóyá ìjọba ló rán ọ wá nítorí owó orí. Èmi lọ sẹ́yìn òkìtì ẹ̀kùrọ́, mo ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ìrọ̀lẹ́ lo tó dìde, o gbọn aṣọ rẹ, o ní kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Gbogbo ojú yí sí mi, Mákánjúọlá sì bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn sípánà rẹ̀ padà sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni ìwé tí o ní kí wọ́n bá wa tẹ̀ ní Òkìtìpupa dé. Ojú ewé méjìlá ni, mọ́kànlá jẹ́ gẹ̀ẹ́sì. Bùrọ́dà Lérè, akọ̀wé ìjọ wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fi ọjọ́ méjì kà á, ó ní gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lòun mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe wá pé jọ sójú kan yìí ni kò yé òun. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ kàwé gan-an. Inú mi dùn díẹ̀. Ojú ewé tó kẹ́yìn nìkan ló jẹ́ àwòrán. O ya àpótí mẹ́fà, o kọ Yorùbá sínú wọn, ibi gbígba ẹyìn, ibi ṣíṣà, ibi sísè, ẹ̀rọ, ibi fífún, ibi epo, ọfà sì ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Láàárín sísè àti ẹ̀rọ, o ya èkeje tó fi igun dúró, àmì ìbéèrè ńlá wà nínú rẹ̀, ọfà méjì jáde níbẹ̀, ọ̀kan ń lọ síwájú, ọ̀kan ń padà sẹ́yìn. Mo fẹ́ pè ọ́ kí o ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti sọ pé a ò lè ka ìwé ọmọ tí a rán lọ sílé ìwé.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ Wòlíì Ọlápàdé. O mọ̀ pé àwọn ló máa ń túmọ̀ àmì tí àwọn aríran bá rí nínú ìjọ. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ, wọ́n tan àbẹ́là mẹ́ta yí i ká, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní ohun tí àwọn rí níbẹ̀, ọ̀nà ni, a ò sì gbọdọ̀ gbé ọ̀nà kọ́ sára ògiri, àfi kí a rìn ín.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, láàárọ̀ kùtùkùtù, a fi eérú ya gbogbo àwòrán náà sílẹ̀ nínú ọgbà ilé ẹ̀rọ bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́. Bàbá rẹ di okùn mú, Bùrọ́dà Lérè di ìwé mú. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn àpótí rẹ kò bọ́ sí ibi tí ẹrù wa wà. Àpótí sísè bọ́ sórí òkìtì ẹ̀kùrọ́. Àpótí gbígba ẹyìn bọ́ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí a to igi ìdáná sí. O tún ya omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ pẹ́kípẹ́kí, bẹ́ẹ̀ ìpẹ̀kun ọgbà ni dúrọ́ọ̀mù omi wa wà láti ọjọ́ tí a ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní kí a tún àwòrán yà kó bá ọgbà mu. Wòlíì kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní bí ìran bá ṣe wá la ṣe ń gbà á. Bí a ṣe kó ẹ̀kùrọ́ nìyẹn, a kó igi, a yí dúrọ́ọ̀mù, a hú àdògán tí a fi ń se ẹyìn, a kó gbogbo wọn bọ́ sínú eérú. Ẹ̀rọ nìkan ni kò ṣeé gbé, Ọlọ́run sì ṣe é, inú àpótí tirẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀.

A bọ́ bàtà, Wòlíì lu agogo, a gbé ẹyìn lérí, a ń kọrin, a ń tẹ̀ lé ọfà. Níwọ̀n bí ọfà kò ti padà sẹ́yìn àfi níbi àmì ìbéèrè, a sọ ọ́ dòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ padà níbòmíì. Obìnrin kan gbàgbé abọ́ ní àpótí kìíní, ó ní láti yí gbogbo ọgbà po kó tó lọ mú un, kò sì gbàgbé nǹkan mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí a dé àpótí tó fi igun dúró, a dúró gbagidi, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó kàn. Wòlíì ní níwọ̀n ìgbà tí ìbéèrè wà níbẹ̀, ẹnì kan ní láti béèrè. Gbogbo wa yíjú sí Màmá Judith lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí kò sí ẹni tó mọ ìbéèrè í béèrè tó o ní gbogbo Ìkọ̀yà. A gbé àga fún un sáàárín eérú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí bi ẹni tó bá dé léèrè bóyá ẹyìn rẹ̀ jinná, á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, èyí tí kò bá tíì jinná, á dá a padà sídìí iná tìdùnnú tìdùnnú. Ó dá èmi náà padà lẹ́ẹ̀mejì.

Kó tó di ọ̀sán, ariwo ti rọlẹ̀. Mákánjúọlá pa ẹ̀rọ, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó rò pé ó ti bàjẹ́. Láti ọjọ́ tó ti ń darí rẹ̀, ẹyìn tí kò jinná ló máa ń há ẹ̀rọ náà lọ́fun, á tú u, á dì í, nígbà mẹ́wàá lóòjọ́, àwa á sì máa pariwo mọ́ ọn. Lọ́jọ́ náà kò tú u lẹ́ẹ̀kan. Ẹyìn tó wà nílẹ̀ tán kí oòrùn tó wọ̀, epo rẹ̀ pọ́n, ó dùn ún wò, kò sì kan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Vincent dé ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Karùn-ún pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni lórí ìlà, ó bi wá bóyá a ti kógbá sílé. Màmá Judith ló dá a lóhùn láti orí àga rẹ̀, ìbéèrè mẹ́rin ló bi í pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkùnrin náà kò sì rí ju ọ̀kan dáhùn nínú rẹ̀ kó tó bá tirẹ̀ lọ. A ò ta ilé ẹ̀rọ mọ́, èmi ni mo sì ṣì jẹ́ alága.

Ṣìkẹ́mi, ohun tó kù yìí kò rọrùn fún mi láti kọ. Nígbà tí mo sìn ọ́ lọ sí gáréèjì ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, o bi mí bóyá mo tijú nítorí rẹ, mo ní rárá, mo ní orí ló ń fọ́ mi. Irọ́ ni mo pa. Mo tijú. Láti ọdún méjì tí o ti kúrò ní ilé-iṣẹ́ irin yẹn, tí o ní ìmọ̀ràn lò ń gba àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ni mo ti ń bi bàbá rẹ bóyá àwọn tó ni wọ́n kò ní ìyá tó lè gbà wọ́n nímọ̀ràn ni. O ti sọ fún mi rí pé àwọn ọkùnrin ibẹ̀ kì í jẹ́ kí o di sípánà mú, pé ìwé ìpàdé ni wọ́n ń ní kí o máa kọ. Mo wá rò pé wọ́n lé ọ nídìí ẹ̀rọ nítorí o jẹ́ obìnrin, pé iṣẹ́ ìmọ̀ràn yìí lo fi ń bo ojú. Mo sọ fún gbogbo ìjọ pé afárá lò ń ṣe. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì fún ọdún méjì ni mo sì fi gbààwẹ̀ pé kí Ọlọ́run yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ náà, kó dá ọ padà sídìí sípánà.

Lọ́jọ́ tí Mákánjúọlá jókòó tí kò rí ohun kan tú, mo dúró nínú eérú, mo sunkún. Ọdún mọ́kàndínlógún ni gbogbo wa fi ń wo ẹ̀rọ, ìwọ lo wo àwa tó yí i ká. Lánàá mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ fún wọn pé ọmọ mi kò ṣe afárá kankan. Mo ní ibi tí nǹkan bá ti há ni wọ́n máa ń pè é sí, á jókòó, á wò ó, á máa béèrè títí ó fi máa tú. Inú mi dùn, ọmọ mi, o ṣe é.

Ohun tó wá ń já mi láyà báyìí ni ààwẹ̀ yẹn. Ọdún méjì kì í ṣe kékeré, àdúrà náà á ti lọ jìnnà. Mo sáré tọ Wòlíì lọ, wọ́n ní ó ṣeé fagi lé, ṣùgbọ́n èyí tí a máa fi lé e bá gbọ́dọ̀ lágbára jù ú lọ. Jọ̀wọ́, fi owó ránṣẹ́, kí n ra àbẹ́là mọ́kànlélógún, oyin àti èso fún ìsìn ọjọ́ méje. Fi owó ọ̀dà funfun kún un, nítorí òjò ń fọ eérú lọ, Màmá Judith ló sì ń tún àpótí rẹ̀ yà láràárọ̀, ó ń fẹ̀ sí i. Bá mi fi lé dẹ́rẹ́bà yìí lọ́wọ́, má fi sí báǹkì. Ìgbà tí mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, orúkọ ìyá mi ni wọ́n bi mí, mo ní ìyá mi ti kú, kò sì mọ ohunkóhun nípa owó yìí. Púpurú ẹ̀gẹ́ mẹ́rin àti kẹ́ẹ̀gì epo tí ẹgbẹ́ ní kí n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ wà nínú ọkọ̀ náà.

Bí ọ̀gá rẹ bá ṣàdédé fajú ro sí ọ lọ́sẹ̀ yìí, tàbí tí wọ́n bá ní kí o wá gba ìwé kan, má jẹ́ kí ó bà ọ́ lẹ́rù. Àdúrà mi àtijọ́ ló dé yẹn. Sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe sùúrù di ọjọ́ Àìkú, èyí tuntun ti wà lójú ọ̀nà.

Ojú rẹ kò ní fọ́ sí ohun tó ń dí àwọn èèyàn lọ́nà. Ibi tí wọn kò ti jẹ́ kí o di sípánà mú, wọn yóò wá pè ọ́ padà síbẹ̀ kí o wá sọ ohun tó ṣe wọ́n fún wọn, wọn yóò sì fún ọ ní àga. Ọlọ́run, jọ̀ọ́, má mú ọmọ mi kúrò níbi tó wà. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Salome.