Màmá Tìmùtìmù, Ẹni Tí Ó Wá Ìjókòó fún Oníṣẹ́ Ọwọ́ Láàárín Ìgbìmọ̀ Ìjọba

Ní ọdún 1947 ni a bí olóògbé, ìyá wa àtàtà, sínú yàrá kan tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Bàbá tí ó bí wọn ni ó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyá wọn a sì máa fọ aṣọ fún àwọn ará òpópónà. Ọmọ a-rẹ́-pákó-dán-bíi-dígí, ọmọ a-fọṣọ-funfun-bí-ẹ̀gbọ̀n-òwú. Àwọn àgbà ilé sọ fún wa pé kí wọ́n tó mọ ìrìn dáadáa ni wọ́n ti ń kó èérún pákó sínú àpò, tí wọ́n á sì gun orí rẹ̀ jókòó bí ọba. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Tìmùtìmù.

Ní 1954, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kà á yanjú. Ìṣirò dùn mọ́ wọn. Bẹ́ǹṣì ni kò dùn mọ́ wọn. Tíṣà bi wọ́n léèrè ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ní ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kan kúrú. Tíṣà ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwé lo wá kà ni àbí bẹ́ǹṣì?” Nígbà tí wọ́n jáde ìwé mẹ́fà, ẹ̀gbẹ́ bàbá wọn ni wọ́n padà sí. Bàbá a kan igi àga, ọmọ a ki fóòmù sí i, a sì fi aṣọ bò ó.

Ìgbéyàwó wọn wáyé ní 1970. Ọkọ wọn, bàbá wa, jẹ́ oníṣẹ́ iná, ọkùnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n gbé àga kan wá fún àtúnṣe, wọ́n gbé e lọ, wọ́n tún gbé e padà. Àga kan náà ṣáá ni. Ìgbà tó yá, ìyá Màmá ní, “Ara àga ti yá o. Ẹni tó ń gbé e wá ni kí á wò.” Ọ̀rọ̀ di ti ìdílé, Ọlọ́run sì fi ọmọ dá wọn lọ́lá.

Ní 1975, Màmá ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní ìlà ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé, fóòmù sì ga kan àjà. Ìṣó kéékèèké ni wọ́n máa ń há sẹ́nu bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀. Ẹni tó bá ti rí i tí wọ́n tu ìṣó sọ́wọ́ yóò ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dé.

Ọ̀rọ̀ dé lóòótọ́ ní 1991. Ìjọba kéde pé ìlà ṣọ́ọ̀bù náà yóò di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹnikẹ́ni kò bi àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ léèrè. Màmá tu ìṣó sọ́wọ́, wọ́n ní, “A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Kí ìjọba ní ìgbìmọ̀ tí yóò máa gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí okòwò kéékèèké, kí àwa náà sì jókòó níbẹ̀.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwọn a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Mínísítà Tìmùtìmù, ẹ má gbàgbé wa tí ẹ bá dé ọ̀hún.”

Ẹ jẹ́ kí á sọ ti ọdún 1993 bí ó ti rí gan-an, nítorí oríṣiríṣi ni wọ́n ń sọ nígboro. Nínú ṣọ́ọ̀bù Màmá, àga tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gọ́ọ̀mù pa lórí, ara ògiri ni a ń kọjú rẹ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó lé e. Kò sí ọmọṣẹ́ tí kò mọ èyí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, akọ̀wé àgbà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ okòwò fúnra rẹ̀ dé sẹ́nu ọ̀nà. Ayọ̀ gba Màmá lọ́kàn, wọ́n rò pé ìhìn rere ti dé, ni wọ́n bá fa àga kúrò lára ògiri. “Ẹ jókòó, sà, ẹ jókòó.”

Ó jókòó. Ó ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni àwọn aláṣẹ yóò ṣèpàdé lórí ìgbìmọ̀ tí Màmá ń bèèrè, òun yóò sì gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n pa á tì. “Màmá, ẹ ò lè fohùn ṣọ̀kan láé. Wẹ́dà á ní tiẹ̀, oníbúrẹ́dì á ní tiẹ̀. Ti ta ni ìjọba fẹ́ gbọ́?” Ó dìde láti máa lọ. Àga bá a dìde.

Màmá kúnlẹ̀. “Ẹ dákun, sà. Ọwọ́ mi ni.” Wẹ́dà sáré dé, ó wò ó lẹ́yìn, ó wò ó níwájú, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ fara balẹ̀. Àga yìí ò tíì fẹ́ kí ẹ lọ.” Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà ní ìlà kan náà gbé òróró wá, wọ́n ń fi í pa etí ibi tó mú, díẹ̀díẹ̀, kí ṣòkòtò má baà ya. Fọtógíráfà ìlà náà yọjú pẹ̀lú. Níbi tí wọ́n ti ń dúró kí òróró ṣiṣẹ́ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀.

Fọtógíráfà ní ẹ̀rọ wẹ́dà kì í jẹ́ kí iná dúró láàárọ̀, pé fọ́tò ìyàwó tuntun kan ti bàjẹ́. Wẹ́dà yíjú sí ìyá oníbúrẹ́dì: “Èéfín ààrò tiyín ńkọ́, ìyá? Ojú mi ti pọ́n bíi ti opó.” Ìyá oníbúrẹ́dì ní, “Opó tí kò lọ́kọ rí.” Ọkàn Màmá bàjẹ́. Ohun tí àlejò sọ ni wọ́n ń ṣe lójú rẹ̀ yìí.

Síbẹ̀ Màmá ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí oníkálùkù sọ tirẹ̀ tán, wọ́n wá ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà wo ni iṣẹ́ rẹ ń le jù? Wọ́n fẹnu kò pé ààrò yóò máa jó kí àwọn yòókù tó ṣílẹ̀kùn, fọ́tò yóò gba àárọ̀, irin yóò sì dọ̀sán. Wẹ́dà kùn pé òun nìkan ni wọ́n fi oòrùn jẹ níyà. Ìyá oníbúrẹ́dì ní òun á máa fún un ní búrẹ́dì gbígbóná.

“Ṣé èyí tó ní bọ́tà?”

“Olójúkòkòrò. Ó ní bọ́tà.”

Akọ̀wé àgbà ń wò wọ́n láti orí àga. Ó ní, “Bí ẹ ṣe máa ń jà nìyí?” Màmá ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí a ṣe máa ń parí ẹ̀ náà nìyí.” Akọ̀wé wo ṣòkòtò rẹ̀ tó ṣì lẹ̀ mọ́ àga. Ó wá ní kí wọ́n bá òun wá ṣòkòtò mìíràn, tòun kò ní lè bá òun dé ìpàdé. Ti Bàbá wa ni wọ́n fún un. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bàbá mọ bí wọ́n ṣe ga. Ńṣe ni wọ́n ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà sókè kí ó tó lè rìn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọlé tọ àwọn aláṣẹ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó padà wá. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó fi yọ orí síta pé, “Wọ́n ti fọwọ́ sí i.” Gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù hó yèè. Wẹ́dà ń fi irin lu irin, ìyá oníbúrẹ́dì ń pín búrẹ́dì fún ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Bàbá wa tí kì í sọ̀rọ̀ ní, “Ṣòkòtò mi ti di òṣìṣẹ́ ìjọba.”

Ní 1994, wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Olùdámọ̀ràn lórí Okòwò Kéékèèké sílẹ̀. Ìlà ṣọ́ọ̀bù kò di ibi ìgbọ́kọ̀sí mọ́. Màmá kọ̀ láti ṣe alága, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ọmọ ìgbìmọ̀ títí ara fi kọ̀. Àwọn ni wọ́n dá a lábàá pé inú ṣọ́ọ̀bù ni kí ìpàdé ti máa wáyé, lónìí lọ́dọ̀ aránṣọ, lọ́la lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, kí ìjọba lè máa gbọ́ òórùn iṣẹ́.

Ní ti ìgbàgbọ́, Màmá kò fi ilé ìjọsìn ṣeré. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tún àga gígùn ibẹ̀ ṣe. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n fi fóòmù tó nípọn sí i, wọ́n kọ̀: “Ta ni yóò wá gbọ́ ìwàásù?”

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ó ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Ìgbìmọ̀ gba ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, kò gba ẹni tó ń gbé ọjà kiri lórí. Orí ibùsùn àìsàn ni wọ́n ti ń bá alága fa ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, tí nọ́ọ̀sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sinmi. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lò kẹ́yìn, alága wá fúnra rẹ̀. Ó ní wọ́n ti gbà, àti pé ìyá tó ń kiri bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ ni yóò jókòó sí àyè Màmá. Màmá ní kí wọ́n gbé àwọn dìde jókòó. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ó dáa. Ẹ sọ fún un kó má tijú o, kó sọ̀rọ̀ sókè.” Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n dákẹ́. Ìyá náà wà láàárín wa lónìí. Ẹbí kí i kú iṣẹ́ tuntun.

Bàbá wa ti ṣáájú. Màmá fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: àkọ́bí obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọkùnrin tó jogún ṣọ́ọ̀bù, àti àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ tíṣà, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, ọmọ-ọmọ-ọmọ, àti àìmọye ọmọṣẹ́ tí wọ́n ti di ọ̀gá.

Ẹ sùn re, Màmá Tìmùtìmù. Ẹni tó fi ayé rẹ̀ wá ìjókòó fún ẹlòmíràn, kí Olódùmarè má jẹ́ kó dúró lẹ́nu ọ̀nà.