Àpótí Tí Mo Kàn fún Ẹ̀rọ Ilé Ẹ̀kọ́

Ọmọ mi àtàtà, ọ̀mọ̀wé tí ẹ̀rọ ń gbọ́ ohùn rẹ̀,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìwé. Àlàáfíà ni èmi àti ìyá rẹ wà, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́. Kí Ẹlẹ́dàá má jẹ́ kí orí rẹ gbóná ju bó ti yẹ lọ. Ìdí àdúrà yìí yóò hàn sí ọ láìpẹ́.

Fọ́ọ̀mù tí o ní kí n fọwọ́ sí ti dé, kí o lè fi yunifásítì sílẹ̀ nígbà tó ku ọdún kan péré, kí o sì lọ ṣe ìdánwò ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì. O ní òun ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń béèrè, àti pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ń kú, kì í wúlò mọ́, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí èyí tí ọ̀gá mi fún mi nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ káfíńtà tán ti lo ọgbọ̀n ọdún lára ògiri, ikán nìkan ni ọ̀tá rẹ̀. Mo ti mú kálámù, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí fún ọ.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, obìnrin iyì, ní kí n kan àpótí fún ẹ̀rọ tó ń gbé nẹ́tíwọ̀kì fún àwọn kọ̀ǹpútà wọn. Mo rí iná ara ẹ̀rọ náà tó ń ṣẹ́jú tọ̀sán-tòru, mo ní oorun ló ń kùn ún, ó ń wá ibi tó ṣókùnkùn. Mo kàn án débi pé èèrà kò ríbi wọ̀ ọ́, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì, nẹ́tíwọ̀kì dákẹ́.

Ọ̀dọ́ méjì ló wá tún un ṣe. Ọkùnrin náà ní ìwé ẹ̀rí tí ò ń sọ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ yá bí ọwọ́ aránṣọ. Ó tẹ gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ, pàbó ló já sí. Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Kò tẹ nǹkan kan, ó wò yíká, ó bi mí pé kí ló yí padà níbẹ̀ láti àná. Tayọ̀tayọ̀ ni mo nawọ́ sí àpótí mi. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Iṣẹ́ yín dára jù. Ẹ̀rọ náà kò ríbi mí.”

Ọkùnrin náà fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó ní ṣé ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ ọ láti fọwọ́ kan pákó. Obìnrin náà ní ìyẹn sàn ju kí pákó jóná lójú òun. Síbẹ̀, nígbà tí mo ṣí àpótí tí ẹ̀rọ sì tutù, obìnrin náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń jí i. Ọkùnrin náà ló jí i, kí n tó nu òógùn ojú mi tán.

O kọ ọ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹni tó ti rìn dé ẹnu ọjà kì í padà sílé lọ wá ọ̀nà mìíràn. Parí èyí, kí o sì fi ìdánwò yẹn kún un.

Má bínú nípa fọ́ọ̀mù náà. Bébà rẹ̀ le dáadáa, mo ti fi ṣe ìwọ̀n ihò tí mo fẹ́ lu sára àpótí. Bí o bá ṣì fẹ́ kúrò lẹ́yìn tí o bá rò ó, fi òmíràn ránṣẹ́, màá fọwọ́ sí i. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ tì í kí n fi ra irin ìluhò. Tèmi ti kú, kò tilẹ̀ tí ì pé ọdún mẹ́ta.

Kí ohun tí o kọ́ má kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Kí ìfẹ́ ẹnikẹ́ni, títí kan tèmi, má sì sé ọ mọ́ inú àpótí tí kò nihò.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.