Ìkúnlẹ̀ tí mo kọ́ Ṣadé

Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹfà, 2014

Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó kúnlẹ̀. Jóbọ́ọ̀gì níbí, ní South Africa, ni wọ́n bí Ṣadé sí, kò mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti lé e jáde nítorí pé ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Troyeville ló ń sùn. Àwọn alàgbà ní kó kúrò kó tó di Sọ́ńdè.

Mo ní kò sí bàbá Yorùbá tó máa rí ọmọ ẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ tí inú ẹ̀ ò ní rọ̀.

Nígbà tí a délé wọn, Ṣadé kúnlẹ̀, bàbá rẹ̀ sì fún mi ní àga. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. "Mọ́mì, ẹ má bínú, ẹ máa mú un lọ." Kò wo ilẹ̀ níbi tí ọmọ wà.

Nínú tákísì, Ṣadé ń fọwọ́ ra orúnkún. "Àǹtí, ṣé mi ò kúnlẹ̀ dáadáa ni?"

Mo ní ó kúnlẹ̀ dáadáa.