Póíǹtì Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti Adìyẹ Ìtùnú

Abúlé Chimbalanga, Dedza
Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi

Tiyamike ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Lilongwe? Ṣé àǹtí rẹ ń fún ọ ní nsima jẹ yó? Ara wa le níbí, ìyá rẹ ti padà sóko, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òtútù inú oṣù yìí kò ní mú ọ, ojú kò sì ní tì wá lórí rẹ.

Mo rí ìwé rẹ gbà, tí o ní yunifásítì ní kí o ṣàlàyé bí àpapọ̀ póíǹtì rẹ nínú ìdánwò àṣejáde ṣe jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó yẹ kí ẹnu yà wọ́n. Ṣé o rí Limbani, ọmọ Bambo Kambalame aládùúgbò wa, tó ń wọ bàtà aláwọ lọ sílé ìwé, mẹ́sàn-án péré ló mú. Ẹni tó kó àpò àgbàdo mẹ́sàn-án wálé kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó kó mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, mo gbé adìyẹ pupa wa lọ bá bàbá rẹ̀, mo ní kó má bọkàn jẹ́, pé ìka ò dọ́gba. Ó wò mí, ó wo adìyẹ, ó dúpẹ́, ó gbà á. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ baálẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dárúkọ iye tí o mú, nítorí àwọn tí etí wọn wúwo.

Báyọ́lọ́jì nìkan ló dùn mí, tí o ti mú mẹ́ta. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń dún, màá parí rẹ̀ tí mo bá dé.

Mo ti dé. Ǹ bá fa apá òkè ìwé yìí ya, ṣùgbọ́n bébà kan ṣoṣo ni mo ní. Mo bá Tíṣà Nyasulu lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kó bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí: ọmọ tó sun ilẹ̀ ọsibítù fún oṣù mẹ́rin nítorí ìyá rẹ̀, tó ń dáná fún un níta, tó ń bi nọ́ọ̀sì léèrè ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi yá a ní ìwé, báyọ́lọ́jì gan-an ló wá mú mẹ́ta, ìṣirò tí kò sí ní kíláàsì láti gbọ́ ló mú mẹ́jọ. Tíṣà fọwọ́ bonu. Ó mú mi jókòó, ó rọra ṣàlàyé pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, pé nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ni ti ẹni tó ṣe dáadáa jù, mẹ́sàn-án ni ti ẹni tó fìdí rẹmi, pé iṣẹ́ mẹ́fà ni wọ́n rò pọ̀ tí ti Limbani fi jẹ́ mẹ́sàn-án péré. Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé. Ó wá ní, “Bambo, ohun tí ẹ sọ tán yìí ni yunifásítì ń bèèrè. Ẹ kọ ọ́ sí i bí ẹ ṣe sọ ọ́.”

Mo ti kọ ọ́ nìyẹn, dà á kọ. O ní inú fóònù ni fọ́ọ̀mù náà wà, pé kò gbà ju ọ̀rọ̀ ọ̀ọ́dúnrún lọ. Rọra bẹ̀ ẹ́, ẹni tó ṣe é náà á lọ́mọ.

Mo yà lọ́dọ̀ Kambalame láti tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì dá adìyẹ wa padà fún mi pẹ̀lú ọmọ méje tó ti pa. Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa sọ fún ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí ọmọ rẹ̀ tó báyẹn pé kó dákẹ́.

Mo wá jókòó, mo ń ro èyí tí màá kó padà nínú gbogbo ìyangàn mi. N kò rí ọ̀kan.

Jọ̀wọ́, fi owó kwacha díẹ̀ ránṣẹ́ fún eèrí àgbàdo, ẹnu ti pọ̀ nínú àgò adìyẹ. Ọlọ́run á fi ojúure àwọn tó máa ka ìwé rẹ bá ọ pàdé. Bí wọ́n bá gbà ọ́, màá lọ sọ fún baálẹ̀. Bí wọn ò bá gbà ọ́, màá ṣì lọ, màá sọ iye náà lẹ́ẹ̀mẹta bíi ti àkọ́kọ́.

Èmi ni,
Bàbá ọmọ tó mú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n