Yanrìn Tí Kò Gbẹ

Èmi, tí ìwé ìbí mi fún ní orúkọ gígùn kan tí ẹnikẹ́ni kò fi pè mí mọ́ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí wa sì mọ̀ sí Ìyá Oníyanrìn, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ojú mi sì ríran dáadáa. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń bá mi ṣe awuyewuye lórí àtẹ̀gùn. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi, kò sì sẹ́ni tó tàn mí.

Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì àti agbẹjọ́rò tó ń gbé lókè ilé wa ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Kí wọ́n má ṣe bára wọn jiyàn. Bí ó bá di dandan, kí agbẹjọ́rò tètè gbà fún àbúrò mi, kí ó má baà fi àkókò ṣòfò.

Abala kìíní. Yàrá méjèèjì tí mo ń gbé di ti ọmọ àbúrò mi, èyí tó ń ṣe nọ́ọ̀sì. Kí ó má ṣe gbé tábìlì gígùn ojú fèrèsé kúrò. Yanrìn wà nínú gbogbo ojú pátákó rẹ̀. Mo ti fi ìgbálẹ̀ bá a jà títí, ó sú mi.

Abala kejì. Ológbò mi di ti aránṣọ ìsàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ti ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn méjèèjì rò pé n kò mọ̀.

Abala kẹta. Àrọ irin tí mo fi ń da yanrìn, asẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti òṣùwọ̀n kékeré di ti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé tó wà lójú pópó wa. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n fi nu asẹ́ o. Wọn kò gbọdọ̀ fi omi fọ̀ ọ́.

Abala kẹrin. Ó ku ètò kọ̀ǹpútà tí mo ti ń kọ láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, èyí tí a fi ń mọ ohun tí yanrìn, ọkà tàbí omi yóò ṣe kí a tó dà á. A ó sọ fún kọ̀ǹpútà iye hóró tó wà níbẹ̀, bí hóró kan ṣe ń ti èkejì àti bí ó ṣe ń dì í mú. Òun yóò sì ṣírò rẹ̀ títí òkìtì náà yóò fi dúró tàbí tí yóò fi wó. Ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ló ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń yí nǹkan padà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà náà, àti àṣẹ lórí ètò náà, ni mo fi fún Olómi.

Mo mọ̀ pé àbúrò mi yóò ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn ni kò ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu mi. Olómi ni ẹni tó kọ apá tó jẹ́ ti omi nínú ètò náà, nígbà tí èmi ń kọ ti yanrìn. Ọdún mọ́kànlá la fi jókòó sídìí tábìlì kan náà. Ó máa ń po tíì fún mi láìbéèrè, ó sì máa ń fi ṣúgà sí i jù. Kí n kúkú sọ ọ́ tán: mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, n kò sì sọ fún un rí.

Abala karùn-ún. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀rọ̀ kan. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Kí kọ̀ǹpútà tó lè mọ bí hóró yanrìn ṣe ń di ara wọn mú, a ní láti da yanrìn gidi sílẹ̀, kí a wọn bí ẹ̀gbẹ́ òkìtì rẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ́ tó. Yanrìn náà gbọ́dọ̀ gbẹ, nítorí yanrìn tútù máa ń lẹ̀ mọ́ra, òkìtì rẹ̀ a sì dúró ganran. Ààrò àbúrò mi ni mo ti ń yan án. Lọ́jọ́ náà ó fẹ́ fi ààrò yan kéèkì, ó ní kí n kó ẹrù mi. Mo fọwọ́ kan ojú yanrìn náà, ó gbẹ. N kò ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Òkìtì náà dúró ní dígírì méjìdínlógójì, mo sì fi nọ́mbà yẹn sínú ètò.

Olómi wo òkìtì náà títí. Ó ní: ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, yanrìn yìí ò tíì gbẹ. Níwájú gbogbo ilé ìwádìí ni mo ti dá a lóhùn pé kí ó máa bá omi rẹ̀ lọ, kí ó yé yọjú sí iṣẹ́ àgbà. Lóṣù yẹn ló fi wá sílẹ̀. Ó da gbogbo ètò náà kọ, ó ń tọ́jú tirẹ̀ lọ́tọ̀, nọ́mbà yẹn nìkan ló sì yí padà. Olè ni mo ń pè é láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni mo fi ètò náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ní oṣù tó kọjá, obìnrin ẹnjiníà kan kọ̀wé sí mi. Ó fẹ́ gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ sínú yanrìn gbígbẹ, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì wọ inú rẹ̀. Ètò mi sọ pé ẹ̀gbẹ́ kòtò náà yóò dúró. Ó kọ́kọ́ dán an wò nínú àpótí kan lórí tábìlì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ya lulẹ̀. Mo yan yanrìn fún odidi ọjọ́ kan, mo sì dà á lẹ́ẹ̀mẹta. Dígírì méjìlélọ́gbọ̀n ni. Nọ́mbà Olómi ni. Ojú tì mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo kọ̀wé sí ẹnjiníà náà lójú ẹsẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wọ kòtò. Mo ti yọ nọ́mbà àtijọ́ kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ lo yanrìn yẹn báyìí, ètò náà yóò dúró, yóò sì sọ fún un pé èmi ni mo ṣì í wọ̀n. Àyè nọ́mbà tuntun ṣófo. Ètò náà máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá fi ọwọ́ kan ìlà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, mo sì fẹ́ kí orúkọ Olómi wà lórí ìlà yẹn.

Abala kẹfà. Lẹ́yìn ikú mi, kí agbẹjọ́rò pe gbogbo ilé ìwádìí jọ sí yàrá tí mo ti dójú ti Olómi, kí ó sì ka abala karùn-ún sókè gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bẹ̀ mi.

Àfikún, kí n tó fọwọ́ sí i. Agbẹjọ́rò bi mí bóyá dandan ni kí èèyàn kú kó tó bẹ̀bẹ̀. Mo ní kí ó gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kò gbọ́. Ó fi fóònù pe Olómi, Olómi sì ti dé láàárọ̀ yìí. Mo mọ ìrìn rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kí ó tó kanlẹ̀kùn. Ẹni tí ogún kàn kì í ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí náà ó wà ní yàrá kejì, nídìí tábìlì. Wọ́n ní ó ti ki ọwọ́ bọ àwo yanrìn mi títí dé ìsàlẹ̀.

Mo fagi lé abala kẹfà. Kí wọ́n pe ìpàdé náà lọ́sẹ̀ yìí, èmi ni yóò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀, bí mo bá ti fọwọ́ sí ìwé yìí tán. Kí àwọn ẹlẹ́rìí jọ̀ọ́ ṣe kíá.

Ìfọwọ́sí: Ìyá Oníyanrìn
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejìlá
Ẹlẹ́rìí kìíní: Akọ̀wé agbẹjọ́rò
Ẹlẹ́rìí kejì: Aṣọ́bodè ilé wa